Ohun Tí Ẹ̀dọ̀ Ń Ṣe Nígbà Tí A Bá Farapa

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ránṣẹ́ pè mí ní kí n wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni tó farapa, láti ìṣẹ́jú tó ṣubú títí di ọjọ́ tí ọgbẹ́ rẹ̀ yóò fi jiná. Mo lè sọ ti egungun, mo lè sọ ti ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni mo yàn, nítorí pé òun ni ẹnikẹ́ni kì í rántí nígbà tí ẹsẹ̀ bá dá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bóyá ẹni náà yóò dìde tàbí kò ní dìde wà.

Ọ̀rọ̀ ìfarapa kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ògùdù. Ọ̀nà ńlá ló yí wa ká: Ikorodu Road níhìn-ín, ọ̀nà Alápẹ́rẹ̀ tó ń sáré lọ bá Third Mainland Bridge lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi Kòṣọ́fẹ́ tiwa kún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀kadà kò gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ mọ́, òun pẹ̀lú Mushin, Somolu àti Oshodi-Isolo. Ìjàm̀bá wà lára ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà. Ẹni tó bá ti gbé èèyàn rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn Gbàgádà tàbí Ìgbóbì lóru mọ̀ pé òfin nìkan kò lè mú ṣíṣubú kúrò láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnìkan tó já bọ́ lórí ọ̀kadà, tí títì bó orúnkún rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ ti dì lójú ọgbẹ́. Nígbà tó bá máa fi di ìrọ̀lẹ́, orúnkún ti pọ́n, ó ti gbóná, ó ti wú, ó sì ń ro ó. Celsus, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ti ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn. Ìwúlé ni n ó máa pè wọ́n lápapọ̀ lónìí. Iṣẹ́ tí ara ń ṣe ni ìwúlé. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kó ní òpin. Lórí òpin yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tó jẹ́ pé àwọn ló ń dá ìwúlé sílẹ̀, àwọn náà ló sì ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ran ara lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́.

Ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ egungun ìhà yín lọ́tùn-ún. Ibẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ wà. Nínú àgbàlagbà, ó wọn nǹkan bíi kílò kan àti ààbọ̀. Nǹkan bíi lítà kan àti ààbọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ náà ló sì ń gba inú ìfun bọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Gbogbo ohun tí a jẹ, tí a mu, tí a fi omi gbé mì ló bá a dé, pẹ̀lú ohun tí àwọn kòkòrò inú ìfun ń tú sílẹ̀.

Ẹ rántí bí ọjà Mile 12 ṣe máa ń rí ní ìdájí. Tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ti rin ìrìn àjò láti òkè ọya, ọkọ̀ ńlá tò gbọọrọ. Kò sí bí apẹ̀rẹ̀ ṣe lè dára tó tí kò ní ní èyí tó ti rà nísàlẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò ṣa èyí tó rà kúrò, yóò jẹ́ kí ìyókù kọjá, kò sì ní pariwo lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí òmíràn ti wà lẹ́yìn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ń ṣe tọ̀sán tòru. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀, wọ́n na apá sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, wọ́n ń gbé ohun tí kò yẹ mì: kòkòrò tó yọ́ jáde láti inú ìfun, sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti gbó, èérún sẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Lára àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí sẹ́ẹ̀lì pupa wọn kì í sábà lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ dípò 120, iṣẹ́ náà máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí gidigidi. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa, wọn kì í dá ibà sílẹ̀, wọn kì í dá ìrora sílẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì Kupffer là ń pè wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì agbémì ni wọ́n, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní macrophage, a sì gbà pé nínú gbogbo irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó fi ẹ̀yà ara ṣe ilé, 80 sí 90 nínú 100 ló wà nínú ẹ̀dọ̀. Láti inú oyún ni wọ́n ti wọ ibẹ̀, wọ́n sì ń bí ara wọn síbẹ̀ láìdúró de ìrànwọ́ láti inú mùdùnmúdùn egungun.

Ọ̀gbẹ́ni Karl Wilhelm von Kupffer, ará Jámánì, ló fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ní 1876, ó fi èròjà wúrà kun ẹ̀dọ̀, ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tan bí ìràwọ̀, ó sì kéde wọn. Ní 1898, Tadeusz Browicz ní ìlú Kraków ló wá ṣàlàyé àwọn sẹ́ẹ̀lì agbémì náà bó ṣe tọ́. Nígbà tó di 1971, Kenjiro Wake ará Japan fi hàn pé irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn ni Kupffer rí lọ́jọ́sí, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ tó ń tọ́jú fítámì A sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ fi sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ yìí sọ́kàn. A óò tún bá a pàdé níbi ọ̀rọ̀ àpá.

Èkó tiwa náà ní ipa nínú ìtàn yìí, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀ nítorí pé a kì í sọ ọ́ tó. Ní 1925, Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wádìí ibà pọ́njú, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ débi pé ojú aláìsàn á pọ́n bí iyeyè. Yaba ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tó ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve, ní ilẹ̀ tó di Gánà lónìí. Wọ́n fún ọ̀bọ kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà ní ẹ̀jẹ̀ náà, ọ̀bọ náà sì kú. Ìgbà náà ni ọwọ́ kọ́kọ́ tẹ ẹranko tí a lè fi wádìí àrùn náà ní tòótọ́. Asibi fúnra rẹ̀ yè é. Adrian Stokes, dókítà ará Ireland tó wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, kó ibà pọ́njú, ó sì kú sí Èkó níbí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ẹni ogójì ọdún péré.

Láti ara kòkòrò tí wọ́n mú nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí à ń pè ní 17D, tó sì tìtorí iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kó tó rìnrìn àjò, ohun tó ti ara ọkùnrin Kpeve yẹn wá ló ń dáàbò bò ó. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní orúkọ rẹ̀ níléèwé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní orúkọ Mungo Park.

Nígbà tí àwọn tó tẹ̀lé wọn wá ṣọ́ kòkòrò Asibi yìí nínú ara ọ̀bọ, wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì Kupffer ni ó kọ́kọ́ wọ̀, kó tó kan àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ yòókù. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbìn sí wa lára náà mọ ọ̀nà yẹn: ó lè gba inú sẹ́ẹ̀lì Kupffer kọjá láìjẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì náà gbé e mì, kó tó lọ fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kàn.

Ìbéèrè tó wá kù ni ti ìfarapa tí kò ní kòkòrò nínú. Bí nǹkan bá lu èèyàn níkùn, tí awọ ara kò bẹ́, tí ìdọ̀tí kankan kò wọlé, kí ló sọ fún sẹ́ẹ̀lì Kupffer pé ewu dé? Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí a fi ń kọ́ni ni pé àlejò ni ara ń bá jà. Ní 1994, Polly Matzinger ní Amẹ́ríkà sọ pé ewu ni ara ń fetí sí, kì í ṣe àlejò. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fọ́ yóò tú ohun tó wà nínú rẹ̀ síta, ohun tí kò yẹ kó rí ìta láé. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nítòsí.

Ní 2010, Braedon McDonald àti ọ̀gá rẹ̀ Paul Kubes ní yunifásítì Calgary, ní Kánádà, fi ojú rí i. Wọ́n la inú eku tó ń sùn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó ojú kan bíńtín lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀dọ̀ náà sábẹ́ maikirosíkóòpù, eku náà ń mí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ojú tó jó náà dúdú. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí à ń pè ní neutrophil bẹ̀rẹ̀ sí í fà lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń rá bọ̀ láti gbogbo ìhà, wọ́n dojú kọ ibi tó jó. Èròjà kan tó ń jẹ́ ATP, tó tú jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì tó kú, ló kọ́kọ́ ta àwọn aládùúgbò rẹ̀ jí. Àwọn èròjà mìíràn tò sí ara ògiri ní ìpele ìpele, neutrophil ń tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé etí ibi tó kú, èyí tó ń jáde láti inú mitochondria, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára, ni wọ́n tẹ̀lé wọ àárín rẹ̀. Kò sí kòkòrò kan ṣoṣo níbẹ̀.

Wọ́n tún padà sí i. Ní 2017, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan náà jẹ́ kó hàn pé àwọn neutrophil yìí, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní abanijẹ́, ló ń gbá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ kúrò kí tuntun lè gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú wọn kì í kú síbẹ̀. Wọ́n padà sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba inú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì lọ kú sínú mùdùnmúdùn egungun níbi tí wọ́n ti wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwádìí yìí, inú mi dùn púpọ̀, nítorí ó jẹ́ kí n rí i pé ìwúlé mọ ọ̀nà ilé. Bí neutrophil kò bá ríbi gbé padà, bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tán, ni ẹran ara tó wà láàyè máa ń bá a jìyà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣubú, ká sì mú un pé ohun tó ṣe é ju orúnkún bíbó lọ: egungun itan ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ti dà sínú ẹran itan láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i. Ara rẹ̀ yóò fún ìfun àti ẹ̀dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ tó kéré kí ọpọlọ àti ọkàn lè rí èyí tó tó. Ìfun tí ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n fa omi àti ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ẹ̀jẹ̀ yóò tún ya wọ ẹ̀dọ̀ lójijì, yóò sì kó èérún kòkòrò inú ìfun àti èérún sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ nínú itan wá lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ́ẹ̀lì Kupffer tó ti ń fi sùúrù ṣa nǹkan tẹ́lẹ̀ yóò pariwo. Èròjà tó fi ń pariwo pọ̀: TNF, interleukin-1, interleukin-6. Ọpọlọ gbọ́, ibà dé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gbọ́, wọ́n pa iṣẹ́ ojoojúmọ́ tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ohun tí ara yóò fi dí ẹ̀jẹ̀ àti ohun tí yóò fi sàmì sí kòkòrò. Ọ̀kan nínú wọn ni CRP, tí àwọn dókítà máa ń ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ apá ni wọ́n ti ń wò ó, ẹ̀dọ̀ ló ṣe é, sẹ́ẹ̀lì Kupffer sì wà lára àwọn tó ní kó ṣe é.

Bí ariwo náà bá mọ níwọ̀n, ó ń gbà là. Bí ó bá pọ̀ jù, tí kò sì dákẹ́, ẹ̀dọ̀fóró tí ohunkóhun kò lù lè bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún omi, kíndìnrín lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ fún, tó ti ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lọ́jọ́ kẹrin. Ẹbí á ní ayé ló ṣe é. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nílé kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa ẹ̀jẹ̀ tó dà nù àti iye wákàtí tó kọjá kó tó rí ìtọ́jú. Wákàtí àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ti ń yanjú tàbí tó ti ń bàjẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká wá oògùn tí yóò pa sẹ́ẹ̀lì Kupffer lẹ́nu mọ́. Àwọn onímọ̀ náà ronú bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n bá pàdé ló sì mú kí n gba ìpè yín. Ọ̀rọ̀ paracetamol ni wọ́n fi dán an wò. Ní 1995, Debra Laskin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ẹranko ní ohun tó dí àwọn sẹ́ẹ̀lì agbémì lọ́wọ́, wọ́n sì fún un ní paracetamol tó pọ̀ jù. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́ tó ti àwọn yòókù. Gbogbo ayé gbà pé sẹ́ẹ̀lì Kupffer lọ̀daràn. Ní 2002, Cynthia Ju àti àwọn tirẹ̀ lo ọ̀nà mìíràn, wọ́n pa sẹ́ẹ̀lì Kupffer inú eku run pátápátá. Ẹ̀dọ̀ àwọn eku náà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn kan náà, sẹ́ẹ̀lì kan náà, èsì méjì tó kọjú ìjà síra wọn.

Ìwádìí tí Jeremy Duffield ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, ló là mí lójú lórí rẹ̀. Wọ́n ṣe eku ní irú èyí tí wọ́n lè mú sẹ́ẹ̀lì agbémì rẹ̀ kúrò nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n sì ń fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní májèlé títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní àpá. Nígbà tí wọ́n mú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kúrò nígbà tí májèlé ṣì ń wọlé, àpá dín kù. Nígbà tí wọ́n dúró títí májèlé fi dáwọ́ dúró, tí ẹ̀dọ̀ ń gbìyànjú àtijiná, kí wọ́n tó mú wọn kúrò, àpá kò lọ mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ti sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ láti ta òwú àpá ni wọ́n tún ń jẹ òwú náà kúrò nígbà tó bá yá. Ohun tó yàtọ̀ ni àkókò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti híhù ẹ̀dọ̀. Láti 1931 tí Higgins àti Anderson ti gé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ eku ńlá kúrò ni a ti mọ̀ pé ìyókù á tún gbèrú padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ní 1996, wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún eku tí kò ní interleukin-6 rárá. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò gbèrú bó ṣe yẹ. Interleukin-6 yìí kan náà ni mo ní ó ń dá ibà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ariwo tí à ń sá fún ni ẹ̀dọ̀ ń gbọ́ kó tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun hù.

Nígbà mìíràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì Kupffer tó jẹ́ onílé á kú nínú làálàá náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí à ń pè ní monocyte, láti inú mùdùnmúdùn egungun, yóò wá gba àyè wọn. Ní 2016, Charlotte Scott, Martin Guilliams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ghent, ní Bẹ́ljíọ̀mù, fi hàn pé bí àyè bá ṣófo, àwọn àtìpó wọ̀nyí lè di sẹ́ẹ̀lì Kupffer tòótọ́, kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ onílé.

Èmi gbà pé bí ìmọ̀ yìí bá máa wúlò fún wa ní Ògùdù, ohun tí à ń dì lé ẹ̀dọ̀ lórí ní àkókò tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ni ó yẹ ká kọ́kọ́ wò. N ó mú méjì.

Àkọ́kọ́ ni paracetamol fúnra rẹ̀. Oògùn tó dára ni, bí a bá lò ó bó ṣe yẹ. Ara máa ń tú púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di májèlé kan tí à ń pè ní NAPQI. Ẹ̀dọ̀ ní glutathione tó fi ń pa agbára májèlé náà. Bí oògùn bá pọ̀ ju glutathione lọ, NAPQI yóò bọ́ sí mitochondria, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, sẹ́ẹ̀lì Kupffer yóò sì tún ní ìfarapa tuntun láti bójú tó. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá kò gbọ́dọ̀ lò ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró mẹ́jọ ti 500 mg. Ẹni tó ń mutí dáadáa tàbí tí kò tíì jẹun láti ìgbà tó ti ṣubú kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ iye yẹn, nítorí glutathione rẹ̀ ti kéré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ilé. Ìyá fún un ní hóró méjì, àbúrò lọ ra oògùn apara-ríro ní kẹ́míìsì, kẹ́míìsì po oríṣi mẹ́rin sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, paracetamol sì wà nínú méjì nínú wọn ní orúkọ tó yàtọ̀. Ẹ sọ fún kẹ́míìsì pé kó kọ orúkọ hóró kọ̀ọ̀kan sára ọ̀rá. NAFDAC tiẹ̀ ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi paracetamol se ẹran kó lè tètè rọ̀. Ẹni tó jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó ti wọ inú òun kó tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Ní ti àgbo, mi ò bá a jà, inú àgbo ni wọ́n tọ́ èmi náà dàgbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, tí ẹnikẹ́ni kò wọn bó ṣe pọ̀ tó, kò yẹ kó wọ ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ẹ̀jẹ̀ nù.

Èkejì ni àrùn mẹ́dọ̀wú, irú èyí tí à ń pè ní hepatitis B. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé 8.1 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ní in. Bí a bá jẹ́ igba nínú gbọ̀ngàn yìí, ó ṣeé ṣe kí nǹkan bí mẹ́rìndínlógún nínú wa ní in, kí púpọ̀ nínú wọn má sì mọ̀. Kòkòrò tó ń fa àrùn yìí fúnra rẹ̀ kì í sábà pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó wọ̀. Ìjà tí ara ń bá a jà ló ń pa wọ́n, ìjà tí kò parí fún ogún, ọgbọ̀n ọdún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì agbémì ń pe sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ lójoojúmọ́, àpá ń gorí àpá, ẹ̀dọ̀ ń le. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tó ti ń gbé irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri kó tó ṣubú lórí ọ̀kadà kò ní ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ní láti fi là á já.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B ti wà nínú àwọn abẹ́rẹ́ ọmọdé ní Nàìjíríà láti 2004, èyí àkọ́kọ́ sì yẹ kó wọ ara ọmọ láàárín wákàtí 24 tí a bí i. Èyí tí wọ́n ń bí sílé, tí wọ́n ń dúró de ìkómọjáde kí wọ́n tó gbé e lọ fún abẹ́rẹ́, ti pàdánù ọjọ́ méje tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀yin ìyá àgbà tó wà níbí, ẹ̀yin lẹ ní àṣẹ nínú ilé lọ́jọ́ tí wọ́n bá bímọ. Ẹ bá wa sọ ọ́.

Ní Edinburgh, wọ́n ti gbé ìmọ̀ Duffield ti 2005 yẹn síwájú. Wọ́n gba monocyte lára àwọn aláìsàn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le, wọ́n sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì agbémì ní ilé ìwádìí, wọ́n sì dá a padà sí ara ẹni tó ni ín. Ní 2019, wọ́n ròyìn àwọn aláìsàn 9 àkọ́kọ́ tí wọ́n fún, ara àwọn aláìsàn náà sì gbà á láìsí ewu. Ìgbà tí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ yóò dé ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà, a óò máa retí rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa báyìí kò nílò ilé ìwádìí.

Bí ẹ bá gbé ẹni tó farapa dé ilé ìwòsàn, dókítà máa bi yín ní bó ṣe ṣubú. Ẹ sọ fún un. Lẹ́yìn náà, bí kò tilẹ̀ bi yín, ẹ sọ hóró tó ti lò láti ìgbà tó ti ṣubú, iye rẹ̀, orúkọ rẹ̀, àti aago mélòó ló lò ó. Ẹ mú ọ̀rá oògùn náà dání. Ẹ sọ ọtí tó mu, ẹ sọ àgbo tó mu, ẹ má ṣe tijú, kò sí ẹni tí yóò bá yín wí. Ẹ sọ bóyá ó ní mẹ́dọ̀wú, tàbí bóyá kò tíì ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ rí. Bí paracetamol bá ti pọ̀ jù, oògùn tó ń dá glutathione padà wà, N-acetylcysteine ni orúkọ rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ jù bó bá wọ ara láàárín wákàtí mẹ́jọ. Aláìsàn náà lè máa rẹ́rìn-ín ní gbogbo wákàtí mẹ́jọ yẹn, kó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀rín rẹ̀ dákẹ́.